Ètò iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọdé ní ilé ìkàwé gbogboogbò

Ètò iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọmọdé ni àkókò tí ilé ìkàwé gbogboogbò yà sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ lè fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan: kí wọ́n gé páálí, kí wọ́n ya àwòrán, kí wọ́n ránṣọ fún ọmọlangidi. Ọ̀fẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, kò sì sí máàkì níbẹ̀. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́ ni pé ìwé ló máa ń ṣáájú. Wọ́n á ka ìtàn, ọmọ á wá fọwọ́ mọ ohun tó gbọ́.

Títí di apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé Amẹ́ríkà kì í gba ọmọ tí kò tíì tó nǹkan bí ọdún 12 wọlé. Ní 1896, ilé ìkàwé Pratt Institute ní Brooklyn ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé, Anne Carroll Moore ni wọ́n sì fi ṣe olórí rẹ̀. Ìtàn sísọ ló kọ́kọ́ gbilẹ̀ nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀. Pura Belpré, ọmọ Puerto Rico tí ilé ìkàwé New York gbà síṣẹ́ ní Harlem ní 1921, wá fi ọmọlangidi tí wọ́n ń mú ṣeré ìtàn kún un. Àlọ́ ilé wọn, bíi ti aáyán Martina àti eku Pérez, ló ń sọ ní èdè Sípéènì àti Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn ọmọ tí òbí wọn rò pé ilé ìkàwé kò sí fún irú àwọn.

Ọmọlangidi oníbọ̀sẹ̀ ṣì wà lára iṣẹ́ tó rọrùn jù. Ọmọ á ki ọwọ́ bọ inú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́, á tẹ aṣọ rẹ̀ wọ àárín àtàǹpàkò àti ìka yòókù, ẹnu ọmọlangidi ti yọ nìyẹn. Òwú di irun, bọ́tìnnì di ojú. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 3, yíya ni wọ́n ń ya ojú náà, torí ọmọ lè gbé bọ́tìnnì mì. Òfin Amẹ́ríkà lórí ohun ìṣeré àwọn ọmọ ọjọ́ orí yìí ń lo agolo ìdánwò kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 3.17 sẹ̀ǹtímítà: ohun tó bá wọ inú rẹ̀ tán ti kéré jù.

Òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ kì í gbé iṣẹ́ síwájú ọmọ láì kọ́kọ́ ṣe é fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa ń hàn pé gọ́ọ̀mù kì í tètè gbẹ, tàbí pé páálí le ju àlùmọ́gàjí ọmọdé lọ. Fúláwà tí wọ́n fi omi sè lè rọ́pò gọ́ọ̀mù. Ó fara jọ ẹ̀kọ láfún tí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ fi ń yàwòrán sára aṣọ. Gílítà, ìyẹn èérún wíńníwíńní tó ń dán, ni kí èèyàn ṣọ́ra fún. Bó bá ti dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àárín ewé ìwé ni wọ́n á ti máa bá a fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Wọ́n sábà máa ń ṣe àpẹẹrẹ kan sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe dandan kí ti ọmọ jọ ọ́. Bí ogún ọmọ bá gbé ogún labalábá kan náà jáde, àgbà ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọmọ.

Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ̀rọ ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìkàwé Fayetteville ní ìpínlẹ̀ New York wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣí yàrá ìṣẹ̀dá, ìyẹn yàrá tí èèyàn ti lè fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan fúnra rẹ̀, ní 2011, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní ọ̀nà 3D. Oodi, ilé ìkàwé tí wọ́n ṣí ní Helsinki, olú ìlú Finland, ní oṣù Kejìlá 2018, ní ẹ̀rọ ìránṣọ ní àjà kejì rẹ̀.

Nígbà tí àrùn kòrónà ti ilé ìkàwé pa ní 2020, ọ̀pọ̀ ní Amẹ́ríkà di ohun èlò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú àpò, àwọn òbí sì ń wá gbà á lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn kan ṣì ń di àpò náà títí di òní.