Ìdáríjì Ààrẹ kì í ṣe òfin àmójúkúrò

Láàárín oṣù méjì tó kọjá, ìdílé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti wọ yàrá iṣẹ́ mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin pẹ̀lú ìwé tí wọ́n fẹ́ fi tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ ìjọba Côte d'Ivoire fún ọmọ wọn tí ogun ibẹ̀ kó sí wàhálà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì bẹ̀rẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú gbólóhùn kan náà, pé ọmọ àwọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kì í tọrọ ìdáríjì. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ó ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ń rùn fún adí, yíǹkì rẹ̀ sì ti tú, nítorí pé ẹnìkan ti ní kí wọ́n pọfọ̀ sí i kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Èmi kò ní ẹ̀kọ́ kankan láti kọ́ oníṣègùn nídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé tí yóò gba ìwé yẹn ní láti lè kà á ná.

Bí a ṣe ń kọ ọjọ́ sórí ìwé àti bí a ṣe ń kí Ààrẹ, ọmọ ilé ìwé mọ̀ ọ́n, n kò ní jókòó lé e. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó ná owó kankan ni pé ilẹ̀kùn méjì ló wà, ìdáríjì àti àmójúkúrò, ẹni tó bá sì kan èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ yóò pẹ́ lóde. Nínú òfin ìpilẹ̀ tiwa ní Benin, ti 1990, abala 60 fi ìdáríjì sí ọwọ́ Ààrẹ, abala 130 sì ní kí ìgbìmọ̀ gíga àwọn adájọ́ yẹ fáìlì náà wò kí wọ́n sì sọ èrò wọn fún un. Ṣùgbọ́n àmójúkúrò, àwọn aṣòfin tó ń jókòó níbí ní Àjàṣẹ́ ló ni ín, gẹ́gẹ́ bí abala 98 ti wí. Ìdáríjì ń mú ìyà kúrò, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wà níbẹ̀, ẹ ó sì máa bá a nínú kásíyé ẹni náà, ìyẹn ìwé tí ìjọba ń kọ ìdájọ́ ẹni sí. Àmójúkúrò ni ó ń mú ẹ̀ṣẹ̀ náà fúnra rẹ̀ kúrò, tí ẹnikẹ́ni kò fi gbọ́dọ̀ tún pè é ní ẹlẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ní Côte d'Ivoire, ẹ wo Laurent Gbagbo, Ààrẹ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn àgbáyé (ICC) ní Hague dá a láre ní 2019, wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 2021, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan ní Abidjan ti dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún un ní 2018 lórí owó BCEAO, báńkì àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná CFA ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n kó nígbà rògbòdìyàn tó tẹ̀ lé ìdìbò 2010. Ní oṣù kẹjọ 2022, Ààrẹ Ouattara fún un ní ìdáríjì. Ẹ̀wọ̀n kúrò lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò padà sínú ìwé àwọn olùdìbò, kò sì lè du ipò Ààrẹ ní 2025. Simone Gbagbo, tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ nígbà rògbòdìyàn náà, tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n 20 ọdún fún ní 2015, gba ilẹ̀kùn kejì jáde: àṣẹ àmójúkúrò ti 6 oṣù kẹjọ 2018 ló tú u sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lára àwọn tó díje ní 2025.

Ẹni tó jẹ́ olórí ogun, òun nìkan ni yóò sábà dá tọrọ tirẹ̀. Gowon kéde àmójúkúrò ní oṣù kìíní 1970 fún àwọn tí wọ́n ṣì lọ́nà sínú ọ̀tẹ̀ Biafra, ṣùgbọ́n Ojukwu wà ní Côte d'Ivoire títí di 1982 kí Shagari tó dárí jì í. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ogun abẹ́lé wọn, ìkéde àmójúkúrò Ààrẹ Andrew Johnson ní 29 oṣù karùn-ún 1865 kò kan ìsọ̀rí 14, títí kan ọlọ̀tẹ̀ tí dúkìá rẹ̀ ju 20,000 dọ́là lọ, pé kí oníkálukú wọn kọ ìwé tirẹ̀. Robert Lee, ọ̀gágun àwọn ọlọ̀tẹ̀ náà, kọ tirẹ̀ ní oṣù kẹfà, ó sì fọwọ́ sí ìbúra ní oṣù kẹwàá. Ìbúra yẹn sọnù sáàárín ìwé ìjọba títí di 1970, nígbà tí ọkùnrin náà ti kú fún 100 ọdún. Mo máa ń sọ èyí fún ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ láìgba ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ n kò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ìyá kan tó wá láti Kétu ní 2021. Ọmọ rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Abidjan, sá wálé ní 2011 nígbà tí wọ́n ń wá a lórí ìjà tó tẹ̀ lé ìdìbò, kò sì jáde ní ìlú mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá náà ti sanwó fún alárinà kan tó ní òun mọ ẹnìkan láàfin níbẹ̀. Ìbéèrè méjì péré ni mo bi í: ìgbà wo ni ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, ṣé ọmọ yín sì jẹ́ ṣójà tàbí ó bá wọn gbébọn? Ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan lọmọ òun mọ̀. Àṣẹ 2018 yọ ṣójà àti àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ oníbọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n aráàlú tí wọ́n pè lẹ́jọ́ lórí rògbòdìyàn 2010 wà nínú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta ni kò ti sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti tọrọ fún ọmọ yẹn mọ́, 2020 sì ni alárinà gba owó kẹrin.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sọ fún un kó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá, kí a lọ bá àwọn aṣojú Côte d'Ivoire sọ̀rọ̀." Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ọwọ́ alárinà náà ló wà, pé ó ní òun yóò fi ṣe ẹ̀rí láàfin. Nígbà tí a dé ilé tí ọkùnrin náà ń gbé, wọ́n ní ó ti kó lọ sí Kútọnù.