Bí Róbọ́ọ̀tì Ṣe Ń Gba Ẹnu Ṣiṣẹ́ Abẹ Ọ̀fun

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ akèǹgbè. Ọ̀rọ̀ akèǹgbè yìí gan-an ló ti ń bá àwọn oníṣẹ́ abẹ etí, imú àti ọ̀fun fínra tipẹ́. Bí kókó jẹjẹrẹ bá yọ sí ìdí ahọ́n, lọ́hùn-ún níbi tí ahọ́n ti kọrí sí ọ̀nà ọ̀fun, ẹnu ni ọ̀nà tó kúrú jù dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ò gbà á, ojú ò sì lè yà ní kọ̀rọ̀ wò ó. Tẹ́lẹ̀, fífọ́ akèǹgbè ni: wọ́n á la ètè ìsàlẹ̀ sí méjì, wọ́n á fi ayùn gé egungun àgbọ̀n, wọ́n á sì ṣí i bí ilẹ̀kùn kí wọ́n tó rí ohun tí wọ́n fẹ́ gé. Ẹni tí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ìtànṣán àti oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀, ìyẹn náà sì lè mú kí ọ̀fun le débi tí oúnjẹ ò ní lọ geere mọ́.

Ní University of Pennsylvania ní Amẹ́ríkà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ méjì, Gregory Weinstein àti Bert O'Malley, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú bóyá róbọ́ọ̀tì da Vinci, tí àwọn dókítà mìíràn ti ń lò fún iṣẹ́ abẹ prostate (ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀), lè gba ẹnu wọlé. Ní December 2009, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìwòsàn níbẹ̀, fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ ọ̀fun tí kò tíì tóbi jù.

Orúkọ náà, róbọ́ọ̀tì, máa ń tan èèyàn jẹ. Kò mọ ibi tí kókó wà, kò sì lè dá gé ohunkóhun. Ohun tí ọwọ́ dókítà bá ṣe ló ń ṣe.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi oògùn kun aláìsàn lóorun. Imú ni wọ́n sábà máa ń gbé rọ́bà tó ń gbé atẹ́gùn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró gbà, kó má baà dí ẹnu. Wọ́n á fi ike bo eyín, wọ́n á fi irin kan la ẹnu sílẹ̀, irin náà á sì tẹ ahọ́n mọ́lẹ̀. Ó dà bí ohun kékeré, àmọ́ ibẹ̀ ni mo rò pé iṣẹ́ ti ń yọrí tàbí kó bàjẹ́. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ ò bá yà dáadáa, kò sí ohun tí ẹ̀rọ olówó gọbọi yìí lè ṣe fún un.

Lẹ́yìn náà ni apá irin mẹ́ta á wọnú ẹnu. Kámẹ́rà ni ti àárín, ojú méjì ló ní, ọ̀kan fún ojú ọ̀tún dókítà, ọ̀kan fún ti òsì, kó lè mọ bí ibi kan ṣe jìn sí ju èkejì. A lè yan èyí tí ojú rẹ̀ dagun, kó lè wo kọ̀rọ̀. Nínú àwọn méjì yòókù, ọ̀kan ń di ẹran mú, èkejì ń fi iná mànàmáná gé e. Irin wọn ò nípọn ju mìlímítà márùn-ún sí mẹ́jọ lọ, ṣùgbọ́n ṣóńṣó wọn ń tẹ̀, ó sì ń yí bí ọrùn ọwọ́.

Dókítà fúnra rẹ̀ jókòó lọ́tọ̀ nínú yàrá kan náà, ó ki ojú bọ ibi ìwòran, ó sì ki ìka bọ nǹkan ìdarí méjì. Bó bá sún ọwọ́ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta, wọ́n lè ti ṣètò ẹ̀rọ pé kí irin sún ní ẹyọ kan péré. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ẹ̀rọ á yọ ìgbọ̀n náà kúrò. Ohun tó sọnù ni ìmọ̀lára: nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, ọwọ́ ò mọ̀ bóyá ẹran le tàbí ó rọ̀, ojú ló gbọ́dọ̀ kà á lára bí ẹran ṣe ń fà.

Ẹnì kan wà tí ìròyìn kì í sábà dárúkọ: olùrànlọ́wọ́ tó jókòó síbi orí aláìsàn. Òun ló ń fa èéfín àti ẹ̀jẹ̀, òun ló ń há iṣan ẹ̀jẹ̀ pa, òun náà ló ń ṣọ́ ọ kí apá irin má ṣe gbá eyín tàbí kó kọ lu ara wọn. Ìkọlura yìí wà lára ìdí tí àwọn èèyàn fi tẹ́wọ́ gba ẹ̀dà da Vinci kan tó ń jẹ́ SP, tí FDA fọwọ́ sí fún ọ̀fun ní 2019: ọ̀pá kan ṣoṣo, sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ ní fífẹ̀, ló kó kámẹ́rà àti irin iṣẹ́ mẹ́ta wọlé.

Wọn kì í sábà rán ojú ọgbẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń jinná. Ìdí nìyí tí ẹ̀jẹ̀ fi lè ya lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan tí aláìsàn ti délé, ewu rẹ̀ sì ni kó ṣàn wọ ọ̀nà èémí. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń ti ọrùn so àwọn ẹ̀ka iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ṣáájú. Aláìsàn lè fi rọ́bà imú jẹun fúngbà díẹ̀, kó sì tún gbígbé mì kọ́.

Ẹran tí wọ́n gé, wọ́n á fi àwọ̀ sàmì sí etí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e lọ sábẹ́ maikirosikópù. Bí jẹjẹrẹ bá ṣì wà létí ẹran náà, wọ́n lè tún padà gé sí i, tàbí kí ìtànṣán tẹ̀ lé e.