Pípa Iná Láti Òkèèrè Kì í Ṣe Gígé Iná

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ́lé sí Ìkòròdú, yálà ní Ìgbógbo, ní Ìjẹ̀dẹ́, tàbí ní apá Agric, ẹ̀yìn ilẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé sí, tí gáréèjì sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, tí àgbàlá tí ó wà láàárín méjèèjì a sì ṣókùnkùn biribiri ní òru tí NEPA bá ti mú iná lọ. Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan náà fi ń wá bá mi lemọ́lemọ́: "Ẹ̀ńjíníà, ṣé mo lè wà nínú yàrá kí n tan iná iwájú gáréèjì, kí n sì pa á?" Ó ṣeé ṣe, kò sì le. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé kí wọ́n tó bi mí, wọ́n ti ra ẹ̀rọ tí kò bá ilé wọn mu, ẹnìkan tí ó pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ iná sì ti gbẹ́ ògiri, ó ti gbowó, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ó yẹ kí a máa sọ. Àkọ́kọ́ ni súìṣì tú-wéè tí àwọn ọ̀gá wa fi kọ́ wa níṣẹ́, ọ̀kan nínú ilé, ọ̀kan ní gáréèjì, tí wáyà abẹ́ ilẹ̀ so wọ́n pọ̀, tí èyíkéyìí tí ẹ bá tẹ̀ nínú méjèèjì sì lè tan iná náà tàbí kí ó pa á. Èkejì ni rìmóòtù, irú èyí tí a fi ń ṣí géètì. Ẹ̀kẹta ni súìṣì Wi-Fi tí a ń fi fóònù darí. Ẹ̀kẹrin ni ojú-ẹ̀rọ tí ó máa ń mọ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tàbí bí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀, tí kì í dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe ń so ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fi ààyè yìí sọ. Ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ kò bá tíì tẹ́ intalọ́ọ̀kì sí àgbàlá, ẹ má ṣe ronú lẹ́ẹ̀mejì, wáyà ni kí ẹ rì mọ́lẹ̀. Kéébù tí irin wé lára ni kí ẹ rà, kí kòtò rẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 60, kí a tẹ́ yanrìn sí abẹ́ rẹ̀ àti orí rẹ̀, kí a sì na téèpù ìkìlọ̀ sí òkè, kí ẹni tí yóò bá gbẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ iwájú má baà fi ọkọ́ bẹ́ ẹ. Wáyà tí wọ́n ń tà ní róòlù fún inú ilé kò wà fún abẹ́ ilẹ̀, pàápàá ní etí ọ̀sà bíi Èbúté tí omi kò jìnnà sí òkè ilẹ̀, tí òkété sì ń gé ohunkóhun tí eyín rẹ̀ bá ti ràn. Wáyà kò ní bátìrì tí yóò kú, kò ní páásìwọ́ọ̀dù tí ẹ ó gbàgbé, kò sì sí ohun tí ó kàn án bí dátà bá tán.

Bí intalọ́ọ̀kì bá ti wà nílẹ̀ tí ẹ kò sì fẹ́ tú u, rìmóòtù ni mo sábà máa ń yàn. Ìgbì rédíò 433 megahertz ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, ẹ ó sì rí wáyà tín-ín-rín kan tí ó jáde lára àpótí tí a so mọ́ iná, tí gígùn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 17. Wáyà yẹn ni etí rẹ̀. Kì í ṣe àṣẹ́kù tí wọ́n gbàgbé sí i lára ní ilé iṣẹ́. Ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì náà gan-an ni wọ́n wọ̀n ọ́n sí. Síbẹ̀, mo ti ṣí àpótí tí ẹnìkan ti fi píláyà gé e sọnù kí ọmọrí lè dé dáadáa, mo sì ti rí èyí tí wọ́n ká jọ roboto sínú àpótí onírin, lẹ́yìn ilẹ̀kùn gáréèjì tí òun náà jẹ́ irin, tí onílé wá ń ṣépè fún ẹni tí ó tà á fún un. Abẹ́ ìgbátí òrùlé lóde ni ààyè rẹ̀, nínú àpótí oníke tí òjò kò lè wọ̀, kí okùn náà sì nà gbọọrọ. Ẹ tún ka ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 10A, ìyẹn ampere mẹ́wàá, ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹrù ni ó lè gbé tó bẹ́ẹ̀: iná LED ńlá mẹ́rin tí ó jọ tàn pọ̀ máa ń fa iná lójijì ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́, fífà òjijì yìí sì lè lẹ irin méjì inú àpótí náà mọ́ra, tí ẹ ó fi máa tẹ rìmóòtù títí tí iná kò ní kú. Ẹ jẹ́ kí rìmóòtù darí kọ́ńtákítọ̀, ìyẹn súìṣì alágbára tí iná díẹ̀ máa ń tẹ̀, kí kọ́ńtákítọ̀ sì gbé iná.

Ti Wi-Fi ni àwọn ọmọ tí ó wà lókè òkun máa ń fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ń fẹ́ níútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, nínú ihò súìṣì, bẹ́ẹ̀ ni nínú púpọ̀ jù lọ ilé tí a ti wáyà níhìn-ín, láìfù, wáyà tí ó ń gbé iná wá, nìkan ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, tí ó sì ń padà lọ sókè. Púpọ̀ nínú wọn, 2.4 gigahertz nìkan ni wọ́n ń gbọ́, nítorí náà bí ráútà yín bá ń fọhùn lórí 5 nìkan, wọn kò ní rí i rárá. Ráútà gbọ́dọ̀ wà lórí ínfátà, iná gáréèjì náà gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé àgbègbè wa níhìn-ín ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ẹgbin wà, tí ẹ̀rọ mẹ́fà ibẹ̀ jẹ́ megawatt 220 ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 1,320, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí n so iná ààbò ilé òun mọ́ NEPA nìkan nítorí pé òun ń gbé nítòsí Ẹgbin, onítọ̀hún kò tíì pẹ́ ní Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí n wá mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iwin. Kò sí ọdún kan tí wọn kì í pè mí síbi tí iná gáréèjì ti ń tàn fúnra rẹ̀, tàbí tí ó ń ṣe bàìbàì láàárín òru lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á. Ìyá kan ti fi òróró àdúrà pa ojú súìṣì kí n tó dé, mo sì ní láti fi aṣọ gbígbẹ nù ún kí n tó lè fọwọ́ kàn án, nítorí pé láìfù tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ òróró àdúrà. Iná tí ó bá ń tàn tí ó ń kú, tí ó ń tàn tí ó ń kú, ní kété tí ilẹ̀ bá ti ṣú, ojú-ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n gbé kọjú sí iná náà fúnra rẹ̀: ó rí òkùnkùn, ó tan iná, ó rí ìmọ́lẹ̀, ó rò pé ilẹ̀ ti mọ́, ó pa á. Èyí tí ó bá ń tàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé tẹ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín bóyá òun náà ra irú rìmóòtù bẹ́ẹ̀. Àwọn kan lára rìmóòtù àtijọ́ ní súìṣì wẹ́wẹ́ mẹ́jọ nínú, tí ó yẹ kí olúkúlùkù to bí ó ṣe fẹ́. Bí ilé méjì bá fi í sílẹ̀ bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, rìmóòtù kan yóò máa tan iná méjèèjì, àwọn onílé yóò sì máa fura sí ara wọn.

Èyí tí ó ń ṣe bàìbàì ni ó ń bà mí lẹ́rù. Ìgbà mìíràn, súìṣì tí kò nílò níútírà ni, irú èyí tí ó máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ kọjá lára gílóòbù kí òun fúnra rẹ̀ lè máa ṣiṣẹ́, ìyẹn kò sì ní ìpalára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ń bá a pé níútírà ni wọ́n gbé gba inú súìṣì, tí wọ́n sì fi láìfù sílẹ̀ tààrà lọ sí gílóòbù. Gílóòbù kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n fóltì 230 ṣì jókòó sí ẹnu ilé gílóòbù, ihò tí a ń dè é sí, ó ń dúró de ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá kó láìfù àti níútírà pọ̀ mọ́ra lọ́wọ́ mi, ilé ni yóò lọ ní ọjọ́ náà. Àwọn kan tún máa ń mú láìfù láti inú ilé, kí wọ́n wá yá níútírà láti gáréèjì nítorí pé ó sún mọ́ wọn, tí búrẹ́kà 30 milliampere, èyí tí ó máa ń já bí iná tí ó lọ kò bá dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ó padà, tí ó sì yẹ kí ó gba ẹ̀mí là, yóò fi máa já ṣáá, títí wọn yóò fi yọ ọ́ kúrò pé ó ń yọ àwọn lẹ́nu.

Ká tilẹ̀ ní gbogbo rẹ̀ tọ́, ká ní láìfù ni súìṣì ń gé, iná tí a ń darí láti òkèèrè kò tíì di ohun tí a lè fọwọ́ kàn nítorí pé a pa á. Pẹ̀lú tú-wéè, ẹ kò lè fi ojú wo súìṣì kí ẹ mọ̀ bóyá iná wà níbẹ̀. Pẹ̀lú rìmóòtù àti fóònù, ẹni tí ó wà níbi tí ẹ kò rí lè dá iná padà nígbàkígbà.

Bàbá kan ní Ìgbógbo ní ọmọ kan ní Kánádà, ọmọ náà sì ni ó ra súìṣì Wi-Fi fún wọn, tí òun náà sì ń fi fóònù tirẹ̀ rí i láti ọ̀hún. Gílóòbù kan kú lórí gáréèjì. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, bàbá fi fóònù pa iná, wọ́n ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń ṣọ́ géètì gun àkàbà irin lọ pààrọ̀ rẹ̀. Ní àkókò yẹn ọ̀sán ni ní Kánádà. Ọmọ ṣí fóònù láti wò bóyá iná ààbò bàbá òun ti tàn, ó rí i pé ó kú, ó sì tan án. Orí àkàbà ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà, ọwọ́ rẹ̀ nínú ilé gílóòbù. Iná gbá a sọ sórí intalọ́ọ̀kì, apá rẹ̀ ọ̀tún sì ṣẹ́ sí méjì. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ní ọjọ́ kejì, àkàbà ṣì dùbúlẹ̀ síbi tí ó ṣubú sí, bàbá náà sì ń sọ fún mi pé òun pa iná náà, òun fi ojú ara òun rí i lórí fóònù pé ó kú. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọmọ tí ó wà lọ́hùn-ún náà rò pé ìtọ́jú ni òun ń tọ́jú wọn. Ẹni tí ó so iná náà ni ó yẹ kí ó ti mọ̀, mo sì béèrè bóyá ó ní ìwé àṣẹ NEMSA, àjọ ìjọba tí ó ń fún oníṣẹ́ iná ní àṣẹ; wọ́n ní ó sọ pé òun rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí YouTube.

Nítorí náà, nínú iṣẹ́ tí mo bá ṣe, súìṣì kan gbọ́dọ̀ wà ní ara gáréèjì fúnra rẹ̀, tí ọwọ́ ẹni tí ó dúró nílẹ̀ lè tó, tí ó ń gé láìfù àti níútírà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí a sì lè fi àgádágodo tì. Aisolétọ̀ ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ẹni tí yóò gun àkàbà ni kí ó tì í, kí ó sì fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe kí ó gbé e fún mádàámú. Lẹ́yìn náà ni kí ó fi téstà kan ohun tí ó mọ̀ dájú pé iná wà lára rẹ̀, kí ó fi kan ilé gílóòbù, kí ó tún padà fi kan ti àkọ́kọ́, kí ó lè dá a lójú pé kì í ṣe téstà ni ó kú.

Àwọn oníbàárà máa ń bá mi ṣe àríyànjiyàn lórí owó aisolétọ̀ yìí, àwọn kan náà tí wọ́n na owó púpọ̀ lórí iná aláràbarà tí ó ń yí àwọ̀ padà. Òun ni mo máa ń kọ sí ìlà àkọ́kọ́ nínú ìwé owó tí mo bá fi ránṣẹ́. Ẹni tí ó bá ní kí n yọ ọ́ kúrò kí owó lè wálẹ̀, mo máa ń dá owó ìbẹ̀wò rẹ̀ padà fún un, kí ó wá ẹlòmíràn.