Ìdí tí áàpù Android fi ń kú kí ojú ewé àkọ́kọ́ tó yọ: àlàyé lórí Application Context

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní LAUTECH, ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, kọ áàpù Android tí àwọn tó ń ra kajú lè fi mọ iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà, ṣùgbọ́n tí áàpù náà ń kú ní gbàrà tí wọ́n bá ti ṣí i. Ohun tí yóò bá nínú Logcat, ibi tí Android ń kọ àṣìṣe sí, lè jẹ́ UninitializedPropertyAccessException, èyí tí Kotlin, èdè tí a fi kọ áàpù náà, fi ń sọ pé a lo ohun tí a ṣèlérí láti fi sípò kí a tó fi í sípò.

Ohun náà ni Context, tí Android fi lé áàpù lọ́wọ́ kí ó lè dé ibi fáìlì, ibi ìpamọ́ dátà àti àwọn iṣẹ́ mìíràn lórí fóònù. Context ti Activity, ìyẹn ojú ewé kan nínú áàpù, a máa bá Activity náà lọ, ṣùgbọ́n ti Application, kíláàsì tó dúró fún áàpù lódindi, ń wà títí process áàpù náà, ìyẹn áàpù bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nínú fóònù, yóò fi kú, ìdí sì nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú variable kan tí gbogbo kóòdù lè dé.

Bí a kò bá kọ orúkọ kíláàsì Application wa sí android:name nínú AndroidManifest.xml, fáìlì tí a fi ń ṣàlàyé áàpù fún Android, Android kò ní pè é rárá. Èyí kò ṣòro láti rí. Èyí tó ń tán ènìyàn ní sùúrù ni ti ohun tí Android kọ́kọ́ ń pè nígbà tí áàpù bá ń bẹ̀rẹ̀. attachBaseContext ti Application ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà onCreate (ibi tí a ti ń ṣètò nǹkan ní ìbẹ̀rẹ̀) ti àwọn ContentProvider, ìyẹn apá áàpù tó ń pín dátà, kí ó tó kan onCreate ti Application fúnra rẹ̀. ContentProvider tó bá ń wá ohun tí a fi sípò nínú onCreate ti Application dà bí ẹni tó lọ bu omi nínú àmù kí ẹnikẹ́ni tó pọnmi sí i. Kí ContentProvider bẹ́ẹ̀ lo getContext tirẹ̀.

Àwọn mìíràn ń fi variable náà sípò nínú Activity àkọ́kọ́. Èyí léwu púpọ̀, nítorí pé bí Android bá pa process náà nígbà tí oníbàárà ń lo áàpù mìíràn, Activity tí ó wà tẹ́lẹ̀ ni yóò tún ṣí fún un, àkọ́kọ́ kò sì ní ṣiṣẹ́.

Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá bá àṣìṣe yìí pàdé pé kí ó má ṣe fi try àti catch, tí a fi ń gbá àṣìṣe mú nínú kóòdù, bò ó mọ́lẹ̀, nítorí dátà oníbàárà lè sọnù láìsí ẹni tó mọ̀. Kí ó fi variable náà sípò nínú Application, tàbí, èyí tí mo fẹ́ jù, kí ó máa fi Context ránṣẹ́ sí kíláàsì tó bá nílò rẹ̀. Láti dán an wò, kí ó ṣí ojú ewé kejì, kí ó tẹ Home, kí ó fi àṣẹ adb shell am kill pẹ̀lú orúkọ package áàpù náà pa process náà láti orí kọ̀ǹpútà, kí ó sì padà sínú áàpù láti Recents, ibi tí fóònù ń to àwọn áàpù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lò sí.