Ìgbẹ́ gbuuru lẹ́yìn kẹ́mò: oògùn ni, àbí kòkòrò?

Ìbéèrè: Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́, la wà. Màmá mi ń gba kẹ́mò nítorí jẹjẹrẹ ọmú. Láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti fa oògùn sí wọn lára ni inú ti ń yà wọ́n, ẹnu wọn bó, oúnjẹ ò sì wọlé. Ẹ̀gbọ́n mi ní ohun tí wọ́n jẹ ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Kí ló ń ṣe wọ́n gan-an?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ara wa, èyí tó bá ń yára bí sí i nínú wọn ni kẹ́mò ń pa. Jẹjẹrẹ ń yára bí sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Awọ tó bo inú ìfun wa máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ 3 sí 5. Bákan náà ni gbòǹgbò irun, awọ ẹnu, àti mùdùnmúdùn inú egungun tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Oògùn yìí ń kan gbogbo wọn. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń re, tí ẹnu ń bó, tí inú tún ń yà. Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ oúnjẹ rárá, kò sì sí ẹni tó fi ṣe màmá.

Kì í ṣe gbogbo oògùn kẹ́mò ló ń ṣe bákan náà. Irinotecan àti fluorouracil a máa mú inú yà gan-an. Vincristine ní tirẹ̀ a máa dí inú pa, ondansetron tí wọ́n ń fúnni kí èébì má baà gbéni náà lè fa àìrígbẹ́yà.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe máa mọ̀ bí kòkòrò àrùn bá ti wọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù. Nínú ọ̀pọ̀ kẹ́mò, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn tí wọ́n fà á síni lára ni sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tó ń bá kòkòrò jà, máa ń lọ sílẹ̀ jù. Awọ ìfun sì ti bó. Kòkòrò tó ti ń gbé inú ìfun jẹ́ẹ́jẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ lè gba ojú egbò yẹn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn sì lè pààyàn láàárín wákàtí díẹ̀.

Ẹ ra tẹ̀mómítà sílé. Bó bá fi 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn, ẹ má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́. Ẹ má fi parasitamọ́ọ̀lù bo ibà náà mọ́lẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bó bá jẹ́ òtútù tó ń mú wọn gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí inú tó le tó sì ń dùn wọ́n, ẹ lọ, kódà bí kò bá sí ibà. Ilé ìwòsàn LAUTECH àti ti Bowen wà nílùú. Ẹ tètè sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Kẹ́mò ni wọ́n ń gbà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni yóò jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibà yìí kì í ṣe ibà lásán.

Ìbéèrè: Ṣé a lè ra Imodium tó ń dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, tàbí Flagyl tó ń pa kòkòrò, ní kẹ́mísì?

Ìdáhùn: Ẹ má dá a rà. Bó bá jẹ́ kòkòrò ló wà nínú ìfun, Imodium lè há májèlé rẹ̀ mọ́bẹ̀. Oògùn apakòkòrò náà ń pa àwọn tó ń ṣe wá lóore, *C. difficile*, kòkòrò kan tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, lè wá ráyè, inú á sì túbọ̀ máa yà. Àmọ́ bí dókítà bá ti kọ Imodium fún wọn tẹ́lẹ̀, ohun tó bá ní kí ẹ ṣe ni kí ẹ ṣe.

Ìbéèrè: Àgbo jẹ̀dí ńkọ́? Kí ni wọ́n lè jẹ?

Ìdáhùn: Mo bẹ̀ yín, ẹ gbàgbé àgbo jẹ̀dí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń yànú, omidùn tí wọn kò sè ni wọ́n sì sábà máa ń rẹ ẹ́ sí. Wàrà náà, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tà á: ó wà nínú omi rẹ̀, ọwọ́ tó gba owó ló ń bọ inú omi náà láti mú un. Ẹ fi sílẹ̀ ná. Máńgòrò àti kajú tó kún ìlú wa, ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sì bó máńgòrò.

Ẹ̀kọ gbígbóná, ìrẹsì rírọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹyin tó jinná dáadáa, díẹ̀díẹ̀, láìsí ata púpọ̀. Omi ló ṣe pàtàkì jù. Bí kò bá sí ORS, ìyẹn ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ẹ po ṣíbí tíì 6 ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí tíì iyọ̀, kó má ga ju ojú ṣíbí lọ, sínú lítà 1 omi tó mọ́. Kí wọ́n máa mu ún ní ẹnu kékeré, lemọ́lemọ́.

Ìbéèrè: Ṣé kí wọ́n dá kẹ́mò dúró?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Ẹ máa kọ iye ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ lóòjọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Ó lè dín oògùn kù, ó lè sún ọjọ́ síwájú, ó sì lè fi òmíràn rọ́pò.