Version ò yí, ẹ wá ní kò sí nǹkan tó yí nínú package yín? Kò rí bẹ́ẹ̀ o

Ọ̀rọ̀ kan wà tó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń lo Gentoo, ẹ̀yà Linux kan, ní Ìkòròdú níbí, ẹ máa gbọ́ ọ ní Sábó, ẹ máa gbọ́ ọ lọ́nà Ìjẹ̀dè, wọ́n á ní "bọ̀ọ̀dá, mo ti ṣe update, version yẹn náà ló ṣì wà ńlẹ̀, kò sí nǹkan tó yí." Wọ́n á tún fi ẹ̀rí tì í, pé Gentoo kì í ṣe bíi ti àwọn Linux tó kù, source, ìyẹn kóòdù tí wọ́n fi kọ sófítíwíà, la fi ń kọ́ńpáìlì gbogbo nǹkan fúnra wa, torí náà tí dependency kankan bá yí, Portage, ìyẹn prógíráàmù tó ń bójú tó package (sófítíwíà) lórí Gentoo, á kúkú rí i, á tún package náà ṣe. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kì í ṣòótọ́.

Ebuild ni fáìlì tó ń sọ fún Portage ibi tó ti máa gbé source, bó ṣe máa kọ́ńpáìlì ẹ̀, àti àwọn package míì tó gbọ́dọ̀ wà ńlẹ̀ kí eléyìí tó lè ṣiṣẹ́, àwọn yẹn ni dependency. Nọ́mbà version tí ẹ̀ ń wò, ti ẹni tó kọ sófítíwíà yẹn ni, kì í ṣe ti ebuild. Ẹni tó ń tọ́jú ebuild lè ṣí i lónìí, kó fi dependency kan kún un tàbí kó yọ ọ̀kan, kó má fọwọ́ kan version rárá. Tó bá fẹ́ kí Portage gbogbo èèyàn mọ̀, ó máa lẹ -r1 mọ́ ọn lẹ́yìn, tàbí -r2, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ò bá lẹ̀ ẹ́ ńkọ́?

Ibi tó ti ń dojú rú gan-an nìyí. Dependency package kan wà níbi méjì lórí kọ̀ǹpútà yín. Ọ̀kan wà nínú ebuild tí emerge --sync (emerge ni àṣẹ tí a fi ń pe Portage) ń kó wá sí /var/db/repos/gentoo, ìyẹn ń yí bí wọ́n bá ṣe ń tún un ṣe. Ìkejì wà ní /var/db/pkg, ìyẹn ni Portage kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ kọ́ńpáìlì package náà, ẹ wọ inú fódà ẹ̀ ẹ máa rí fáìlì kan tó ń jẹ́ RDEPEND, ẹ cat ẹ̀ ẹ wò ó. Bíi káàdì àjọ ni, alájọ lè yí nǹkan nínú ìwé tiẹ̀ lóru, káàdì tó wà lọ́wọ́ yín ò ní mọ̀ títí tí ẹ máa fi gbé e lọ bá a. Èyí tó wà ní /var/db/pkg yẹn sì ni emerge --depclean, àṣẹ tó ń yọ package tí nǹkan kan ò nílò mọ́, ń wò tó bá fẹ́ mọ èyí tó máa yọ.

Ká ní ẹ ní package kan tí wọ́n fi Python kọ, tó ń pe módù kan, àmọ́ ẹni tó kọ ebuild gbàgbé láti kọ módù yẹn sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀, torí package míì ti fa módù yẹn wọlé. Wọ́n wá rí àṣìṣe yẹn, wọ́n tún ebuild ṣe, wọn ò fi -r1 sí i. Ẹ sync, ẹ update, Portage wo nọ́mbà, nọ́mbà bára mu, ó kọjá lọ. Nígbà tó yá ẹ yọ package kejì yẹn, ẹ depclean, módù bá a lọ, package àkọ́kọ́ ò ṣí mọ́, ẹ wá ń bú Gentoo. Tó bá jẹ́ library C tí package kan so mọ́ tààrà ni, depclean ní àyẹ̀wò tó ń jẹ́ --depclean-lib-check tí kò ní jẹ́ kó yọ ọ́. Àmọ́ ti Python àbí prógíráàmù tí package kàn ń pè tó bá ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò yẹn ò lójú tó fi máa rí i.

Ẹ má bá àwọn tó gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ wí jù ṣá, ó níbi tó ti wá. Láyé àtijọ́ Portage ní nǹkan kan tó ń jẹ́ dynamic-deps, ó máa ń fi dependency inú ebuild tuntun rọ́pò èyí tó kọ sílẹ̀, láì kọ́ńpáìlì nǹkan kan. Ó jọ ọgbọ́n, àmọ́ ó ń da nǹkan rú, torí tí wọ́n bá yọ ebuild yẹn kúrò lọ́jọ́ kan, Portage á padà sídìí àkọsílẹ̀ àtijọ́, dependency tó ti kúrò á tún jáde. Ohun míì tún ni àmì := tó wọlé pẹ̀lú EAPI 5, ìyẹn ẹ̀dà karùn-ún ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ebuild. Package tó bá fi := bá openssl ṣe, ohun tí Portage kọ sílẹ̀ fún un ni pé openssl 0/1.1 (nọ́mbà tó ń sọ irú ẹ̀dà openssl tó jẹ́) lòun bá kọ́ ọ, nígbà tí openssl sì bọ́ sí 0/3, ìyẹn ló jẹ́ kí Portage mọ àwọn tó máa tún kọ́ńpáìlì. Irú nǹkan báyìí ò sí nínú ebuild lásán, ọjọ́ tí ẹ kọ́ńpáìlì ẹ̀ nìkan ló ti wà. Wọ́n ti pa dynamic-deps báyìí, ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ tan án.

Ẹ lè wá ní kí ló dé tí wọn ò kúkú máa fi -r1 sí gbogbo ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìkòròdú lẹ ń bi mí nìyẹn? Ilé iṣẹ́ iná Egbin tó lè gbé 1,320 megawatt jáde, ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló wà, síbẹ̀ jẹnẹrétọ̀ lọ̀pọ̀ yín fi ń kọ́ńpáìlì, ẹni tó bá sì ti kọ́ńpáìlì Chromium rí mọ bí epo ṣe ń lọ. -r1 kan ṣoṣo, gbogbo ẹni tó ní package yẹn láyé ló máa tún un kọ́ńpáìlì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá jẹ́ dependency tí wọ́n ń lò nígbà kọ́ńpáìlì nìkan ló yí, wọn kì í sábà fi -r1 sí i, ohun tó wà lórí ẹ̀rọ yín ò yàtọ̀. Èyí tí package ń lò lẹ́yìn tó ti wọlé tán ló yẹ kó gba -r1, àmọ́ èèyàn ló ń ṣe é, èèyàn sì ń gbàgbé. Tó bá jẹ́ orúkọ ló yí lásán, bíi ti cmake tó kúrò ní dev-util lọ sí dev-build, Portage fúnra ẹ̀ ló ń tún àkọsílẹ̀ ẹ̀ kọ, ẹ ò kọ́ńpáìlì nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ìyípadà máa fa àtúnkọ́ láìbéèrè, NixOS, Linux míì, ló ń wá, níbẹ̀ gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ package ló wà nínú hash (àmì tí wọ́n ṣírò látinú wọn) tó wà lórúkọ fódà ẹ̀, kí ọ̀kan yí, fódà tuntun nìyẹn. Ìyẹn náà lówó tiẹ̀ o.

Lórí Gentoo, kí ẹ tó depclean ni kẹ́ ẹ wo èyí: emerge -puDU --changed-deps @world. Lẹ́tà p yẹn ni kò ní jẹ́ kó ṣe nǹkan kan, á kàn to àwọn package tí àkọsílẹ̀ wọn ò bá ebuild mu mọ́ síwájú yín, pẹ̀lú àwọn tó bá ní update lásán. Tó bá pọ̀ jù, ẹ fi --with-bdeps=n sí i, àwọn tó jẹ́ pé ti ìgbà kọ́ńpáìlì nìkan ló yí á bọ́ kúrò. Èmi ò ní gbà kẹ́ ẹ lọ fi --changed-deps sínú EMERGE_DEFAULT_OPTS, ibi tí ẹ ti ń kọ ohun tí emerge á máa lò nígbà gbogbo, epo lẹ máa fi gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń fa binary, ìyẹn package tí wọ́n ti kọ́ńpáìlì tán, tí Gentoo ń pín fún amd64 àti arm64 látoṣù Kejìlá 2023, ẹ ò bọ́ nínú ẹ̀, binary náà gbé àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n kọ́ńpáìlì ẹ̀ dání, --binpkg-changed-deps ló wà fún tiyín, á jẹ́ kí Portage fi èyí tí ò bá ebuild mu mọ́ sílẹ̀.