Paddle ò mọ Morse: onílù wà nínú rédíò

Ká ní ẹnì kan tó ń ṣe ham rédíò, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ lọ́nà jíjìn torí pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ sí i, fẹ́ gun Scafell Pike, òkè tó ga jù ní England, mítà 978. Ẹrù ẹ̀ ò pọ̀ rárá: rédíò tí ò ju Bíbélì kékeré lọ, bátìrì, wáyà gígùn tó máa ta sókè ṣe áńténà, earpiece, bébà, bírò, àti paddle, ohun bíńtín tí wọ́n ń fìka tẹ̀ láti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá pa àtẹ́lẹwọ́ dé mọ́ ọn ẹ ò ní rí i mọ́. Summits on the Air ni wọ́n ń pe ètò tó ń kó àwọn èèyàn lọ sórí òkè báyìí, Britain ló ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, òfin ẹ̀ ò sì le: ẹ bá èèyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀ látorí òkè kẹ́ ẹ tó gba máàkì, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ lọ. Bátìrì ni gbogbo agbára, wátì 5 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ ló sì sábà máa ń jẹ́. Ohun tó jẹ́ kí Morse, ìyẹn kéèyàn máa fi ìró kúkurú (dit) àti ìró gígùn (dah) kọ lẹ́tà, ṣì wà láàyè nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé látọdún 2003 ni òfin rédíò àgbáyé ti dẹ́kun pé dandan ni kéèyàn mọ̀ ọ́n kó tó gba láísẹ́ǹsì. Ohùn èèyàn máa ń gba àyè tó fẹ̀ lórí afẹ́fẹ́, agbára á fọ́n ká sínú gbogbo ẹ̀, àmọ́ àyè tóóró ni Morse ń gbà, gbogbo wátì 5 yẹn á wá ṣù jọ sójú kan.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni ní A B D Morse níbí, ó wà níbi gbogbo. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá rí paddle kékeré yẹn: "Èyí? Ohun ìṣeré ọmọdé ni, ṣé èyí lè fọ Morse tó já gaara bíi ti orí tábìlì, èyí tó wúwo bí áyọ́ọ̀nù eléèédú?" Ẹ jọ̀ọ́, kò sí paddle kankan láyé yìí, ńlá tàbí kékeré, tó ń fọ Morse. Tẹ́ ẹ bá tú u, irin pẹlẹbẹ méjì lẹ máa bá nínú ẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì, pẹ̀lú òpó kékeré láàárín. Tí ìka bá ti irin títí tó fi kan òpó, iná kọjá. Ó tán. Ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí bẹ́ẹ̀lì lè dún náà ni, ó kàn jẹ́ méjì. Fún ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àtàńpàkò ló sábà máa ń tẹ ti dit, ìka ìfábẹ̀lá ń tẹ ti dah, àmọ́ ẹni tó ń ṣe dit àti dah fúnra wọn wà nínú rédíò, keyer ni wọ́n ń pè é.

Ẹ wò ó bí òde ìnáwó. Onígángan dúró, ẹnì kan wá sún mọ́ ọn, ó sọ sí i létí pé "bá mi ki bàbá tó dé fìlà pupa yẹn". Ẹni tó sọ̀rọ̀ sétí yẹn ò mọ ìlù lù, bóyá ó sanra bóyá ó tín-ín-rín ò kan bí ìlù ṣe máa dún, ohun tí onílù fẹ́ ò ju kó gbọ́ ọ ketekete. Paddle lẹni tó ń sọ̀rọ̀ sétí, keyer ni onílù. Onílù yìí kì í sì ṣìṣe lórí àsìkò. Dah gbọ́dọ̀ gùn tó dit mẹ́ta, ìdákẹ́ àárín wọn nínú lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ tó dit kan. Tí wọ́n bá ṣètò ẹ̀ sí ọ̀rọ̀ 20 láàárín ìṣẹ́jú kan, dit kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdù 60, dah jẹ́ 180, kí òtútù mú ọwọ́ èèyàn títí kó máa gbọ̀n lórí òkè, 60 náà ni, 180 náà ni. Ẹni tó ń lo key àtijọ́, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sókè sódò, ọwọ́ ẹ̀ ló ń wọn gbogbo ìyẹn, tí òtútù bá ti mú un, Morse ẹ̀ náà á máa gbọ̀n.

Ibi tó ti dùn wá rèé. Kì í ṣe ẹnì kan ló ń sọ̀rọ̀ sónílù létí, èèyàn méjì ni, ọ̀kan létí òsì ń ní "dit", ọ̀kan létí ọ̀tún ń ní "dah". Tí ọ̀kan bá ń sọ ọ́ láìdákẹ́, onílù á máa lù ú lọ, dit dit dit. Táwọn méjèèjì bá jọ ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ńkọ́? Onílù ò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan: á lu ti ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, á lu tẹnì kejì, á padà sí tàkọ́kọ́, dah dit dah dit. Lẹ́tà C nìyẹn! Lórí key àtijọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọwọ́ máa sọ̀kalẹ̀ kí C tó jáde, lórí paddle ẹ kàn fi ìka méjèèjì fún un pọ̀, kí ìfábẹ̀lá fi díẹ̀ ṣáájú, ẹ dúró díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Q ńkọ́, dah dah dit dah? Ìfábẹ̀lá ò ní kúrò níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àtàńpàkò á kàn fọwọ́ bà á fẹ́rẹ́ nígbà tí dah kejì ń dún lọ́wọ́. Dah yẹn ò tíì parí o, àmọ́ onílù ti gbọ́, ó ti fi sọ́kàn, tó bá ti ṣe tán lórí dah tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ á lu dit yẹn. Ìrántí kékeré yìí ni mo kà sí ohun tó gbọ́n jù nínú gbogbo ètò yìí, torí kò sí ìka tó lè já lé àsìkò gẹ́lẹ́ nígbà gbogbo, ẹni tó ṣe keyer mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá fún ìka láyè láti tètè dé.

Gángan tí mo fi ń ṣàpèjúwe yìí, tẹ́ ẹ bá rò ó dáadáa, òdìkejì Morse ni. Gángan ń gbé ohùn láìgbé lẹ́tà, ohùn òkè àti ìsàlẹ̀ nìkan ló fi ń ki èèyàn títí orí onítọ̀hún á fi wú. Morse ń gbé lẹ́tà láìgbé ohùn, ẹni tó bá fi "oko" ránṣẹ́ lórí ẹ̀, ẹni tó gbà á ló máa lọ wádìí bóyá oko ni, ọkọ ni, ọkọ̀ ni àbí ọkọ́.

Ibi ìdákẹ́ ni wàhálà wà. Táwọn méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀ sétí bá dákẹ́ pọ̀ nígbà tí onílù ṣì wà lẹ́nu lílu ọ̀kan, kí ló yẹ kó ṣe? Oríṣi onílù méjì ló wà. Ti Mode A á parí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, á dúró. Ti Mode B á ní ẹnì kejì ti ń dúró de ìpín tiẹ̀, á fi ọ̀kan sí i kó tó dúró. Ọ̀kan péré yẹn ló ń ba nǹkan jẹ́. Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ ti mọ́ A tó wá bọ́ sórí B, N tó bá fi ránṣẹ́ á di K, K á di C, A á di R. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ́nà jíjìn ò ní mọ ohun tó ń sọ, òun náà á máa rò pé paddle kékeré òun ò dáa, á lọ ra òmíràn tó wọ́n jù ú lọ, nǹkan kan náà á tún máa ṣẹlẹ̀. Kò dáa bí wọ́n ṣe máa ń ki ọ̀rọ̀ A àti B sísàlẹ̀ menu rédíò bí ohun tí ò ṣe pàtàkì, ojú ìwé àkọ́kọ́ ló yẹ kó wà.

Tó bá wá jẹ́ pé onílù ló ń ṣiṣẹ́, kí ni paddle ńlá fi ju kékeré lọ? Kì í yẹ̀ kúrò lójú kan, ìyẹn náà ni. Ẹ̀gbẹ́ ni ìka ti ń tì í, ohun tó bá fúyẹ́ á yẹ̀ lọ, ìka tó fẹ́ tẹ dit á wá kan afẹ́fẹ́. Ti orí tábìlì fi ìwúwo yanjú ẹ̀, ti orí òkè ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ torí ẹ̀yìn èèyàn ló máa pọ̀n ọ́n. Àwọn kan ń fi bẹ́líìtì dì í mọ́ itan, àwọn kan ń lo èyí tó ní mágínẹ́ẹ̀tì nídìí kó lè lẹ̀ mọ́ irin, àwọn mìíràn kàn ń fọwọ́ òsì dì í mú kí ọ̀tún máa tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá wá fẹ́ kọ orúkọ ẹni tó dáhùn, wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi gbé paddle sí. Àlàfo tó wà láàárín irin àti òpó náà ṣe pàtàkì. Nílé, wọ́n lè dín in kù débi pé bébà kan péré ló máa kọjá níbẹ̀. Lórí òkè tí atẹ́gùn ń fẹ́, tí ìka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, ẹ fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí sípíríǹgì tàbí mágínẹ́ẹ̀tì tó ń dá irin padà le sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ń gbọ̀n lásán á máa tẹ dit.

Wáyà náà máa ń fa ẹ̀bi wá bá paddle. Púlọ́ọ̀gì mìlímítà 3.5 bíi ti earpiece ló sábà máa ń ní, ṣónṣó ẹ̀ ni dit, òrùka àárín ni dah, ìdí ẹ̀ làwọn méjèèjì jọ ń lò. Tẹ́ ẹ bá ki púlọ́ọ̀gì tí ò ní òrùka àárín bọ̀ ọ́, ìdí á lọ kan ibi tó yẹ kí òrùka wà, dah dah dah láìdáwọ́ dúró lẹ máa gbọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan. Tí wáyà yẹn bá tún gùn jù tó sì wà nítòsí áńténà, agbára tí rédíò ń tú jáde lè wọ inú ẹ̀, dit tẹ́nì kankan ò tẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wáyà kúkurú ló dáa.

Kẹ́ ẹ tó gòkè, ẹ dán onílù yín wò nílé, ẹ ṣètò rédíò kó má gbé nǹkan kan jáde, kó jẹ́ inú earpiece nìkan lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ẹ dín ìyára ẹ̀ kù sí ọ̀rọ̀ 10 láàárín ìṣẹ́jú kan, dah á gùn tó mílísẹ́kọ́ńdù 360, àyè wà. Ẹ fi ìka méjèèjì fún paddle pọ̀, kí àtàńpàkò ṣáájú. Dit á dún, dah á bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń dún lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ tú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá dákẹ́ síbẹ̀, lẹ́tà A lẹ gbọ́ yẹn, Mode A ni. Tí dit kan bá tún tẹ̀ lé e, R ni, Mode B ló wà nínú ẹ̀.